Ojú Lutfa Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Méjìlá

Kọ ọ́ sílẹ̀, Tahmina ọmọ mi, má sì bá mi tún un ṣe. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́, bí ojú tilẹ̀ ń tì ọ́. Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè mí ní Bàbá Ayàwòrán, tí ẹ máa ń dìde fún mi nílé tíì kí n lè rí àga jókòó, èmi Motaleb ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Dókítà ti pe ọmọ mi sí kọ̀rọ̀, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé òjò ọdún yìí lè má bá mi láyé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ti fi òtítọ́ kan pa mọ́ sínú, mi ò sì lè gbé e wọ sàréè. Èmi ni mo ya ojú Lutfa, ọmọ bàbá tó ń rán ewé ìwé pọ̀ tó sì ń di ìwé, sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ méjìlá. Kì í ṣe Ọ̀gá Sobhan. Ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá yín, irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò la ẹnu mi lọ́jọ́ tí wọ́n pa á.

Nígbà tí mò ń wí yìí, ogun òmìnira wa ti parí láti nǹkan bí ọdún méje, gbogbo ìlú Dhaka sì ti ya wèrè sinimá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń lẹ bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ ò lè mọ̀. Ọwọ́ la fi ń yà á. Fíìmù tó bá ń lọ lọ́wọ́ la máa ń yà sí páànù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ akérò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà, kí ẹni tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí nǹkan gidi wò dípò ìdí ẹni tó ń wà á. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sobhan ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Awọ funfun ti bo ojú méjèèjì Ọ̀gá nígbà yẹn, kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ èmi àti òun nìkan la mọ̀. Èmi ni mò ń ya gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ṣe tán, òun á tẹ̀ síwájú, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, torí orúkọ yẹn làwọn tó ni kẹ̀kẹ́ ń wá wá. Ojú kan náà la máa ń yà fún gbogbo òṣèré obìnrin: ẹ̀rẹ̀kẹ́ rogodo, ẹyinjú ńlá, ètè pupa kékeré. Kò sí ẹni tó ń wá kí wọ́n jọ ẹnì kankan. Ẹ rántí ìyẹn, torí òun ló mú kí ohun tí mo ṣe burú tó bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe mọ Lutfa nìyí. Mo ti máa ń rí i tó ń gbé ìwé tí bàbá rẹ̀ dì lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ó ní àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó la irun òkè ojú òsì rẹ̀ sí méjì, níbi tí ọ̀bẹ tí bàbá rẹ̀ fi ń gé bébà ti hà á nígbà tó wà lọ́mọdé. Gbogbo obìnrin ló ń fi òrùka imú sí apá òsì, apá ọ̀tún ló ń fi tirẹ̀ sí, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wu òun. Nínú ilé sinimá tó wà lẹ́bàá ọjà ìwé, òkè ni wọ́n ń kó àwọn obìnrin sí, àwa ọkùnrin á wà nísàlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fíìmù ń lọ lọ́wọ́, èèpo ẹ̀pà já bọ́ sí mi lórí. Mo gbójú sókè. Lutfa ni, ó tẹjú mọ́ fíìmù bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó mú un wá ti sùn lọ fọnfọn, torí obìnrin yẹn, afẹ́fẹ́ fáànù ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún. Láti ọjọ́ náà, ọdún méjì gbáko, bá a ṣe ń fẹ́ra wa nìyẹn. Màá wá ìjókòó sí abẹ́ ibi tó wà gẹ́lẹ́. Bí orin ìfẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, èèpo kan. Bí wọ́n bá ń jà, èèpo méjì. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń sunkún, kò ní ju nǹkan kan, èmi náà á sì mọ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Bá mi kọ ìyẹn gàdàgbà, Tahmina, nítorí ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Nígbà náà ni fíìmù kan dé tí wọ́n ń pè ní Ọkọ̀ Ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi àti tíṣà obìnrin kan ni wọ́n fẹ́ra nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, kò sí bàbá tó gbé ìbọn lé wọn, wọn ò tilẹ̀ jà. Àsìkò òjò kan péré ni ìfẹ́ wọn lò. Nígbà tí odò fà, obìnrin náà gbé àpótí rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ọkùnrin náà sì dúró sí etí omi títí ọkọ̀ fi kéré lójú rẹ̀. Ó parí. Àwọn èèyàn ju bàtà lu aṣọ fíìmù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n dá ọkọ̀ náà padà. Lutfa ní tirẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fíìmù náà láìdáa. Ẹnu ààrò oníbúrẹ́dì la ti máa ń pàdé lẹ́yìn fíìmù, nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ bá ń bá oníbúrẹ́dì jà pé búrẹ́dì rẹ̀ ti kéré sí i. Ó bi mí níbẹ̀ pé, "Bọ̀dá Motaleb, ṣé kò dùn yín ni?" Mo ní, "Ó dùn mí o. Kí ló tiẹ̀ ní kó wọ ọkọ̀ yẹn?" Ó wò mí, ó ní, "Ọkùnrin yẹn dúró gbagidi síbẹ̀, ó ń wò ó. Ṣé ẹ gbọ́ kó ní kó má lọ?" Mo rẹ́rìn-ín. Èmi òmùgọ̀, mo rò pé fíìmù là ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá tí fíìmù náà ń lọ ni Lutfa dúró tì mí lẹ́nu ààrò náà, tí kò wo ojú mi. "Bọ̀dá Motaleb, wọ́n ti wá tọrọ mi. Láti òdìkejì odò ni wọ́n ti wá. Iliyas lorúkọ ẹni náà, ó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe. Bàbá mi ti gbà." Mo bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?" Ó ní, "Èmi náà ti gbà." Ó dà bíi pé ẹnìkan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, "Lutfa, kí ló dé?" Ó wá wò mí wàyí. "Ẹ ò béèrè mi rí. Ọdún méjì! Mo ju èèpo ẹ̀pà títí apá fi ń ro mí, ẹ kàn ń gbójú sókè, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ń retí kí ẹ rán ìyá yín wá. Ìyá yín ò mọ̀ pé ẹnìkan ń jẹ́ Lutfa." Mo ní, "Màá rán an lọ́la." "Lọ́la kẹ̀? Wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì. Ẹ má bínú sí mi o." Àbúrò ìyá rẹ̀ pè é, ó sì lọ. Òótọ́ ló sọ. Mo ti fi ohun tó wà láàárín wa ṣe fíìmù, mo jókòó sísàlẹ̀, mò ń wò ó, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ká ní mo ti gba ẹ̀bi mi lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá má ní nǹkan tí mò ń jẹ́wọ́ lónìí ju ọ̀lẹ lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Àlájì Kafil tó ni gáréèjì kẹ̀kẹ́ ní kí a ya páànù tuntun méjìlá fún òun, gbogbo rẹ̀ Ọkọ̀ Ìrọ̀lẹ́, obìnrin nínú ọkọ̀, ọkùnrin létí omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya èyí àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé ibi irun òkè ojú, mo rí i pé mo ti là á sí méjì. Mo fi òrùka imú sí apá ọ̀tún. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sunkún, torí òun gan-an ni, ó ń wò mí tààrà bí kò ṣe wò mí rí lójúmọmọ. Ká ní mo pa á rẹ́ nígbà náà! Àmọ́ ọkàn mi sọ ohun mìíràn fún mi. Bàbá Lutfa ti bẹ Àlájì kó yá òun ní kẹ̀kẹ́ tí yóò lọ kó ẹbí ọkọ ní èbúté lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ yìgì, èèyàn sì mọ Àlájì, àwọn tí ọ̀dà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni yóò rán kó lè fi yangàn. Mo pa odò rẹ́ nínú àwòrán náà. Mo pa ọkọ̀ rẹ́. Mo gbé orí Lutfa lé àyà òṣèré ọkùnrin náà, mo fi ọwọ́ ọkùnrin náà sí i ní ìbàdí. Mo yà á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá, mi ò gbàgbé àpá, mi ò gbàgbé òrùka. Ohun tí mo fẹ́ kò lọ́jú pọ̀: mo fẹ́ kí ìgbéyàwó náà bàjẹ́, kí Lutfa kù sílẹ̀ fún èmi nìkan.

Ọ̀gá Sobhan gbé ojú sún mọ́ ọ̀kan títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. "Motaleb, ta nìyí?" Mo ní, "Òṣèré inú fíìmù yẹn ni, Ọ̀gá." Ó ní, "Ó dà bí ẹni tó ń mí. Mi ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́. O ti kọjá mi lónìí, ọmọ mi." Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ méjèèjìlá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń di páànù mú fún un kó má bàa kọ ọ́ wọ́. Láàárọ̀ Jímọ̀, èmi fúnra mi ni mo dè wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ní gáréèjì.

Lẹ́yìn ìrun, ọkọ̀ ojú omi ẹbí ọkọ gúnlẹ̀. Mo wà nílé tíì tó kọjú sí èbúté, mo ti mú ife kejì. Ọkọ ìyàwó wọ láwàní, wọ́n fi òdòdó bo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ọkùnrin bàǹtà-banta kan, gba kẹ̀kẹ́ kejì. Òun ló ṣáájú àwọn tó wá wo Lutfa nílé, òun náà ló fi àpá yẹn ṣàwàdà pé ta ló bá ọmọ náà jà. Kẹ̀kẹ́ tò, wọ́n gbéra, èyí tó wà lẹ́yìn ń wo ẹ̀yìn èyí tó wà níwájú. Wọn ò tíì rin ìwọ̀n ilé mẹ́rin tí ọkùnrin náà fi ké pé, "Ẹ dúró! Ẹ dúró ná! Ìyá Iliyas, sọ̀ kalẹ̀ wá wo nǹkan." Àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olówùú wúrà wọn. "Yéè! Àpá náà rèé." "Òrùka imú náà rèé, apá ọ̀tún!" Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní, "Bàbá, òṣèré sinimá nìyẹn o." "Pa ẹnu rẹ dé! Òṣèré wo ló lọ yá ojú ìyàwó wa lò?" Wọ́n wá ń sáré láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan dé òmíràn. "Ó wà níbí náà!" "Ó tún wà níbí, ọkùnrin náà ò sì tíì fi í sílẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ dojú kọ àwọn tí bàbá Lutfa rán wá pàdé wọn, ó ní, "Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fún wa ni àbí tíkẹ́ẹ̀tì?" Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Iliyas ká òdòdó kúrò lójú, ó wo àwòrán náà pẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ná." Ohùn rẹ̀ tutù. Ọmọlúwàbí ni, mo sì kórìíra rẹ̀ fún un. Wọ́n ní kó dákẹ́, wọ́n tì í wọ ọkọ̀ padà. Nílé Lutfa, ìrẹsì àti ẹran ti jiná nínú ìkòkò ńlá márùn-ún, wọ́n ti fi làálì sí i lọ́wọ́. Èmi? Inú mi dùn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mu tíì mi tán, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà àdúgbò pe ìpàdé sí àgbàlá bàbá Lutfa, láàárín àwọn ìwé tí kò tíì dì tán. Wọ́n to páànù méjèèjìlá sára ògiri. Wọ́n mú Ọ̀gá Sobhan wá. Ìmáàmù bi í pé, "Ṣé orúkọ yín rèé?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Níbo lẹ ti mọ ojú ọmọ ọlọ́mọ?" Ká ní Ọ̀gá sọ pé, "Èmi ò ríran mọ́, ọmọ iṣẹ́ mi ló yà á," ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Mo dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, òógùn bò mí. Ó yí orí sí apá ibi tí mo wà, bóyá òórùn ọ̀dà ara mi ló fi mọ̀. Ó ń dúró dè mí. Mo wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi." Bàbá Lutfa tutọ́ sí i lára. Wọ́n gbé ọ̀dà dúdú fún un pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa méjèèjìlá rẹ́. Kò rí ibi tí ojú náà wà, ó ń fọwọ́ wá a kiri lórí páànù, àwọn àgbà rò pé ìtìjú ni, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó kúrò ládùúgbò kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mo wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ má rò pé ìyẹn ló burú jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè, Lutfa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Làálì ṣì pọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pè mí ní bọ̀dá, kò sì bọ̀wọ̀ fún mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ó ní. "Bàbá Sobhan yẹn ò wo ojú mi rí láyé. Gbọ́ mi dáadáa, mi ò ráyè. Lọ bá wọn. Sọ pé ìwọ lo yà á, sọ pé o fẹ́ mi ni. Bàbá mi á lù ọ́, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò á lù ọ́, ó tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lù ọ́ tán, wọ́n á pe ìmáàmù, torí kò sẹ́lòmíì tó máa fẹ́ mi mọ́. Ọ̀gá rẹ á padà sílé rẹ̀. Bàbá mi á lè jáde sọ́jà. Màá bínú sí ọ fún ọdún kan, ó lè jẹ́ méjì, lẹ́yìn náà màá máa se oúnjẹ fún ọ." Ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré wá. "Motaleb, sọ nǹkan."

Ẹ̀yin ará, ohun gbogbo tí mo fẹ́ láyé ló dúró síwájú mi yẹn, ó ti là á yé mi bí ọ̀nà ọjà. Ìgboyà ìṣẹ́jú kan ni ó ń béèrè. Mo ní, "Lutfa, mi ò mọ nǹkan tó ò ń sọ." Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní, "Òṣèré inú fíìmù ni Ọ̀gá ń yà." Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ó dáa," ó sì ń lọ. Kò sáré. Mo lè pè é padà kó tó dé igun ọ̀nà, mo lè pè é nígbà tó dé igun ọ̀nà. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù pé wọ́n á lù mí. Mo ti wá ìdí mìíràn tó gbayì jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà, mi ò rí.

Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìlú Khulna tó jìnnà, sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan. Mo gbọ́ pé ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ níbẹ̀, pé kò wọ ilé ọkọ títí di òní. Ọ̀gá Sobhan padà sí abúlé rẹ̀, ó kú ní òjò ọdún kẹta, kò sẹ́ni tó tún gbé páànù fún un. Èmi ni mo jogún ṣọ́ọ̀bù náà. Lẹ́yìn tí Lutfa lọ, mo padà wo Ọkọ̀ Ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Orin ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo gbórí sókè, mo ń dúró. Wọ́n tan iná, ẹni tó ń gbálẹ̀ ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi, mo ṣì ń dúró. Mo fẹ́ ìyàwó lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, obìnrin àtàtà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ àárò ẹlòmíràn ò kúrò lára mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tahmina ti gbé gègé sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ìyá mi mọ̀ kó tó kú?" Ìyá rẹ mọ̀ pé mi kì í jẹ ẹ̀pà, ọmọ mi, kò sì béèrè ìdí. Gbé gègé yẹn, jẹ́ ká parí ẹ̀. Ó ti gbé e. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ó ń kọ.

Mo fẹ́ kí wọ́n ka ìwé yìí sókè nílé tíì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí àwọn tó ń dìde fún mi lè mọ ẹni tí wọ́n ń dìde fún. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀gá Sobhan, bàbá yín ò ṣe nǹkan kan. Ó fi ara rẹ̀ bo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ náà sì jẹ́ kó bo òun. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín pẹ̀lú àìsàn mi, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ ẹnìkan, ẹ sọ fún un nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wúlò. Bí ó bá kọ̀ yín, ẹ sunkún kí ẹ sì lọ sùn. Ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín gbẹ̀san lára ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

Ní ti Lutfa, mi ò ní kó dárí jì mí, torí mi ò mọ èwo ni ó máa kọ́kọ́ dárí rẹ̀ jì. Tahmina ló máa mú ẹ̀dà kan lọ sí Khulna, tí yóò fi lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Bí ojú ò bá jẹ́ kó lè kà á tán, ibí yìí nìkan ni kó kà. Lutfa, lọ́jọ́ tó o dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, mo sọ fún ọ pé mi ò mọ nǹkan tó ò ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ó yé mi kó o tó sọ̀rọ̀ tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dá ọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mò ń bọ̀, dúró dè mí, èmi nìkan nínú yàrá, nígbà tí o ti lọ.